Ìwé tá a kà mọ́jú, kí ló dé tí kì í bá wa wọ gbọ̀ngàn ìdánwò?

1/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́mì mi pè mí. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn. "Àbúrò ẹ ti gbájú mọ́ ìwé o! Láti aago méje alẹ́ àná ló ti jókòó, kò dìde títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà. JAMB tọdún yìí, ó máa yege."

Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, àyà mi já. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo sì mọ ibi tó já sí.

2/ 200 level ni mo wà nígbà yẹn. Ìdánwò ku ọ̀la, nóòtì mi ṣì mọ́ tónítóní. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe TDB. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n: kọfí, bisikíìtì, ẹ̀fọn, ojú pípọ́n. Mo ka nóòtì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láàárọ̀, wọ́n pín ìbéèrè. Mo rántí ojú ìwé tí ìdáhùn wà. Mo rántí àwọ̀ bírò tí mo fi fàlà sí i nídìí. Ìdáhùn gan-an ló ti lọ. Bí mo ṣe gba carryover nìyẹn.

3/ Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé orí mi ni kò pé. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó wádìí bí èèyàn ṣe ń kọ́ nǹkan àti bó ṣe ń gbàgbé ẹ̀, mo rí i pé orí mi ò ṣẹ̀. Bí mo ṣe ń lò ó ni kò dáa.

Ìtàn yẹn ti lé ní 140 ọdún. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín. Ó gùn díẹ̀, ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kódà, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kà á nìyẹn 😂

4/ Ilẹ̀ Jámánì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus, wọ́n bí i ní 1850 nílùú Barmen. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ooru, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọn iná. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ wọn ìrántí? Kò ṣeé fọwọ́ kàn, kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n. Ebbinghaus ní òun máa wọ̀n ọ́n.

5/ Wàhálà àkọ́kọ́ rèé: tó bá fi ọ̀rọ̀ gidi dán an wò, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà á máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ "ilé" tẹ́lẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó há "ilé" sórí.

Ló bá to nǹkan bí 2,300 sílébù tí kò nítumọ̀ jọ: kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì kan. Irú bíi "zof", irú bíi "kab". Nǹkan tí kò sí ibi tí orí lè dì mú lára ẹ̀.

6/ Ta ló wá fi dán an wò? Ara ẹ̀ ni. Òun nìkan ṣoṣo.

Á gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́, aago yẹn á máa lù nígbà 150 láàárín ìṣẹ́jú kan. Á máa ka sílébù tẹ̀lé e kó má baà sáré jù, kó má baà falẹ̀ jù, títí tí á fi lè kà á láìwo ìwé. Ó ṣe é láti 1879 sí 1880. Ó tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti 1883 sí 1884. Ní 1885, ó gbé ìwé ẹ̀ jáde: Über das Gedächtnis, ìyẹn ìwé lórí ìrántí.

7/ Ohun àkọ́kọ́ tó rí nínú ẹ̀ rèé. Tó bá kọ́ ọ̀wọ́ sílébù kan tán, á dúró, lẹ́yìn náà á tún un kọ́, á wá wo ìdá iṣẹ́ tí kò ní láti ṣe mọ́.

Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ó jèrè 58 nínú 100.
Lẹ́yìn wákàtí kan, 44.
Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34.
Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, 25.
Lẹ́yìn oṣù kan, 21.

8/ Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Wákàtí àkọ́kọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàgbé wá ń rọra rìn. Ohun tó kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà àti ohun tó kù lẹ́yìn oṣù kan ò jìnnà síra wọn.

Ìwé tá a ń kà nílé ìwé nítumọ̀, nítorí náà tiwa kì í yára sá tó bẹ́ẹ̀. Ebbinghaus fúnra ẹ̀ fi ewì Byron dán an wò, iṣẹ́ tó ṣe kó tó mọ̀ ọ́n ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti sílébù lọ. Ṣùgbọ́n sísá, ó ń sá.

9/ Èyí tó kàn wá jù ló kàn báyìí. Ó mú ọ̀wọ́ sílébù 12, ó kà á léraléra nígbà 68 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, ó wo bó ṣe máa rọrùn tó láti tún un kọ́.

Nígbà tó yá, ó pín kíkà náà sí ọjọ́ mẹ́ta. Àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìgbà 38 péré. Lẹ́yìn náà, ó tún wò ó.

Èrè méjèèjì dọ́gba.

10/ Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. 38 tá a pín ṣe iṣẹ́ 68 tá a rọ́ pọ̀. Ìgbà 30 tó kù yẹn, lásán ni. Ó kà á, ẹnu ẹ̀ gbó, àkókò lọ, kò sóhun tó fi kún un.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, TDB mi ní 200 level ni mo rántí. Aago mẹ́ta òru sí aago márùn-ún, ojú ìwé kan náà, mò ń kà á lọ, mò ń kà á bọ̀. Inú ìgbà 30 yẹn ni mo wà.

11/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ọkùnrin kan ṣoṣo, tó dán ara ẹ̀ wò, ẹ̀rí wo nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni.

Ní 2015, àwọn olùwádìí méjì ní Amsterdam, Murre àti Dros, gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n tún àyẹ̀wò ìgbàgbé yẹn ṣe. Ẹnì kan jókòó fún nǹkan bí wákàtí 70, ó ń kọ́ sílébù bíi ti Ebbinghaus. Ọ̀nà tí ìgbàgbé ẹ̀ gbà lọ jọ ti 1885. Ìyẹn jẹ́ ti ìgbàgbé. Ti pípín kíkà náà, ẹ̀rí tiẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

12/ Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. 1924, yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Jenkins àti Dallenbach mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì, wọ́n kọ́ wọn ní sílébù tí kò nítumọ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Nígbà mìíràn, wọn ò ní sùn, wọ́n á máa bá ọjọ́ wọn lọ.

Wákàtí tó kọjá dọ́gba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sùn, ohun tó kù lórí wọn pọ̀ ju ìgbà tí wọn ò sùn lọ.

13/ Ẹ ti rí ohun tí TDB ń ṣe. Ó rọ́ gbogbo ìwé pọ̀ sójú kan, ó tún gba oorun tó yẹ kó bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó ra epo tó jó àgbá kó tó délé ni mo jọ nígbà yẹn.

14/ Ó yá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, torí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, ti òṣìṣẹ́ ni.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ nípa nọ́ńbà àdírẹ́sì. Àwọn tó ti ń fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ. Ìbéèrè wá ni pé: wákàtí mélòó ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ lójúmọ́?

15/ Alan Baddeley àti Longman pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin:

Àwọn kan kọ́ ọ fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.
Àwọn kan, wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mejì.
Àwọn kan, wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀kan.
Àwọn kan, wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn wákàtí mẹ́rin lójúmọ́.

Èsì jáde ní 1978.

16/ Ohun tí àwọn oníwákàtí kan fi wákàtí 55 kọ́, wákàtí 80 ni àwọn oníwákàtí mẹ́rin fi kọ́ ọ. Ebbinghaus ò parọ́. Sílébù kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ kọ́, ọ̀kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ẹ má tíì sáré lọ tẹ retweet. Nǹkan méjì wà níbẹ̀ táwọn tó ń pariwo "fi ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ gbogbo nǹkan" kì í sọ fún wa.

17/ Èkíní: ẹ ṣírò ọjọ́. Wákàtí 55, wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ 55 nìyẹn. Wákàtí 80, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 20 ọjọ́ ni.

Àwọn oníwákàtí díẹ̀ lo wákàtí tó kéré, ṣùgbọ́n ọjọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìjókòó kúkurú ń fi wákàtí pa mọ́ fún ẹ, ọjọ́ ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tí ìdánwò ẹ̀ ku ọ̀la ò lè ra ọjọ́ níbi kankan.

18/ Èkejì ló dùn mí jù. Wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ yẹn léèrè bí ètò náà ṣe rí lára wọn. Àwọn oníwákàtí kan lójúmọ́, àwọn tó ń kọ́ ọ dáadáa jù, inú tiwọn gan-an ni kò dùn jù lọ. Lójú wọn, àwọn yòókù ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn oníwákàtí mẹ́rin ni ètò náà tẹ́ lọ́rùn jù.

19/ Ẹni tó ń jèrè rò pé òun ń pàdánù. Ẹni tó ń pàdánù, inú ẹ̀ ń dùn.

Mọ́mì mi nìyẹn lórí fóònù. Àbúrò mi nìyẹn pẹ̀lú ojú pípọ́n. Èmi náà nìyẹn ní 200 level. A máa ń fi bí ara ṣe ń ro wá wọn bá a ṣe gbọ́n sí. Bí ọrùn bá ń dùn wá, a ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ara bá tù wá, ẹ̀rí ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní ọ̀lẹ.

20/ Níbi tá a dé yìí, ẹnì kan máa bèèrè aago tòmátì. Òun náà nítàn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọmọ Ítálì kan tó wà ní yunifásítì, Francesco Cirillo, ò lè pọkàn pọ̀ sórí ìwé. Ó bá ara ẹ̀ ta á: ṣé mo lè kàwé gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré? Ó mú aago ìdáná tó rí bíi tòmátì, ó yí i. Pomodoro ni wọ́n ń pe tòmátì lédè wọn. Níkẹyìn, ó fi sí 25 ìṣẹ́jú iṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìsinmi tó gùn.

21/ Ẹ kíyè sí i: òun ló ń dán an wò lára ẹ̀ tó fi rí 25 tó bá a mu. Kò sí àṣírí kankan nínú 25. Bí 15 bá bá ẹ lára mu, ṣe 15. Bí 40 ni, ṣe 40.

Ohun tí aago yẹn ń ṣe ni pé ó sọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí fóònù má ráyè wọ àárín. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: nínú wákàtí mẹ́fà tá a ní a fi kàwé, mélòó ni WhatsApp àti TikTok jẹ níbẹ̀?

22/ Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe 25 ìṣẹ́jú lónìí tí kò padà sídìí ẹ̀ mọ́, aago ò lè gbà á. Pípadà yẹn ni iṣẹ́.

Ní 1972, Sebastian Leitner kọ ìwé kan lórí bá a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó ní ká lo káàdì pẹ̀lú àpótí tó ní yàrá yàrá. Ìbéèrè níwájú káàdì, ìdáhùn lẹ́yìn. Èyí tó o bá mọ̀ á lọ sí yàrá iwájú, á pẹ́ kó tó tún padà wá. Èyí tó o bá ṣì, ó di yàrá àkọ́kọ́, wàá tètè tún un rí. Ọ̀pọ̀ áàpù káàdì tó wà lórí fóònù wa lónìí, ọmọ àpótí yẹn ni wọ́n.

23/ Ibí yìí ni mo dé tí mo rántí bàbá bàbá mi.

Ààfáà ni wọ́n. Ilé kéú wà níwájú ilé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń wo àwọn ọmọ kéú pẹ̀lú wàláà. Bàbá á fi tàdáwà kọ ìlà díẹ̀ sára pákó yẹn. Ọmọ á gbé e lọ sábẹ́ igi, á máa kà á sókè. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á tún gbé e. Lọ́jọ́ kejì, á kà á sétí bàbá. Bó bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí fífọ̀.

24/ Ẹ wo pákó yẹn wò. Bó ṣe fẹ̀ mọ ló sọ bí iṣẹ́ òní ṣe pọ̀ mọ. O ò lè kó Kùránì odindi sórí ẹ̀ lóru ọjọ́ kan kó o máa ṣe TDB. Ìwọ̀nba tí pákó gbà ni wàá kọ́, o ò sì ní kúrò nídìí ẹ̀ àfi tó o bá kà á láìwò ó. Àwọn kan bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi parí, tí wọ́n fi ṣe wolimọ wọn.

25/ Àwọn ọmọ awo náà, bẹ́ẹ̀ ni. Odù Ifá jẹ́ 256: Ojú Odù 16, ọmọ Odù 240, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́. Ọmọ awo á ti kékeré wá sọ́dọ̀ olúwo ẹ̀, á lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gbọ́ ẹsẹ, á tún un sọ, á sùn, á jí, á tún un sọ, kí wọ́n tó fi òmíràn lé e.

Ọgbọ́n táwọn baba wa fi gbé odindi ìmọ̀ kan láti ìran dé ìran láìsí bírò nìyẹn.

26/ Mi ò ní gbogbo ẹ̀ dùn bí oyin o. Pàṣán wà nílé kéú, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwọn ọmọ kan mọ ìlà tí wọn ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Mi ò sì sọ pé bàbá mi àgbà mọ Ebbinghaus.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ètò yìí kì í ṣe nǹkan àjèjì tá a fẹ́ gbé wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó wà nílé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbà tí nóòtì dé, tí ìdánwò di ẹ̀ẹ̀kan lópin sáà, la wá rò pé a lè gbé gbogbo ẹ̀ mì lóru ọjọ́ kan.

27/ Mo pe àbúrò mi padà. Ìdánwò ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà ọjọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tá a jọ ṣètò rèé:

Iṣẹ́ mẹ́rin ló máa ṣe ní JAMB. 25 ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìsinmi láàárín wọn. Fóònù á wà ní yàrá mọ́mì. Kó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun, á pa ìwé dé, á sọ ohun tó rántí nínú ti àná. Ohun tó bá ṣì, ó kọ ọ́ sórí káàdì. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, oorun.

28/ Ọjọ́ kẹta, mọ́mì pè mí. Ohùn wọn ti yí padà. "Kí lo sọ fún ọmọ yìí? Kò kàwé bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó máa jókòó díẹ̀, ó máa dìde. Aago mẹ́wàá, ó ti sùn!"

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè nǹkan tó kà lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Wọ́n pè é. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń ṣàlàyé bí ewé ṣe ń fi oòrùn se oúnjẹ. Ó kọsẹ̀ níbì kan, ó tún un ṣe, ó bá a lọ.

Mọ́mì dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Hẹn. Kó ṣáà má lọ fẹ̀yìn tì."

29/ Mi ò lè ṣèlérí máàkì fún un. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan." Mo bá sọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́tà yẹn fún un. Mo ní bó bá ti ń ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀, rántí pé bó ṣe ṣe àwọn náà nìyẹn, àwọn ló sì mọ̀ ọ́n jù.

30/ Tí ìdánwò tìẹ bá ku oṣù kan, òní ni kó o ṣí ìwé yẹn, fún 25 ìṣẹ́jú péré. Tó bá ku ọ̀la, ka èyí tó o lè kà, lọ sùn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé orí ẹ ò pé bí kò bá rí bó o ṣe fẹ́. Sáà tó ń bọ̀, tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ra kọfí lálẹ́ yìí.